Kámẹ́rà Tó Bọ́ Láti Òkè Kẹta

"Kò-gbélé, ṣé ìjàlọ ló kó sí ọ lẹ́sẹ̀ ni? Dúró sójú kan!"

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ti wọlé. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Kò-gbélé láti kékeré, nítorí kì í jẹun tán kó tó dìde. Lọ́jọ́ yìí, ara rẹ̀ kò tilẹ̀ balẹ̀ rárá. Ilé-ẹ̀kọ́ wọn ń ṣe ìdíje: ẹni tó bá ya àwòrán ilé náà dáadáa jù lọ, wọn yóò gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sára ògiri ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń fi fọ́tò yíyà jẹun, ló yá a ní kámẹ́rà kan ṣoṣo tó ní.

"Má bọ́ okùn rẹ̀ lọ́rùn o," ni ẹ̀gbọ́n náà kìlọ̀. "Ojú tí mo fi ń wá oúnjẹ nìyẹn."

Ilé náà kò jọ èyí tó ti rí rí. Ògiri rẹ̀ funfun, ó tẹ̀ bí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Gíláàsì ni òrùlé. Àtẹ̀gùn sì lọ́ yípo lọ sókè bí ìkarahun ìgbín. Kò-gbélé yà á láti ìsàlẹ̀, ó yà á láti ẹ̀gbẹ́, ó tilẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ yà á. Kò sí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gun òkè kìíní, ó gun ìkejì, ó dé ìkẹta.

Ibẹ̀ ni Gògòrò, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ti yọjú wo àwọn àwòrán inú kámẹ́rà rẹ̀. "Gbogbo wa la ti ya eléyìí! Na kámẹ́rà kọjá irin ààbò yẹn, kó o kọjú rẹ̀ sísàlẹ̀."

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká má fara ti irin."

"Ojo! Ta ló ń wò ọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà ta á lára. Okùn kò gùn tó, ló bá bọ́ ọ lọ́rùn. Ó na ọwọ́ méjèèjì sóde, ó dúró lórí ìka ẹsẹ̀. Ohun tó hàn lójú kámẹ́rà rẹwà lóòótọ́. Bó ṣe fẹ́ tẹ bọ́tìnnì ni òógùn mú ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, kámẹ́rà bọ́.

Igbe sọ nísàlẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń nu ilẹ̀ ló wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa rẹ̀, ó di èjìká mú.

"Sáré! Ẹnikẹ́ni ò rí wa," ni Gògòrò wí, ó sì ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Kò-gbélé tẹ̀lé e. Ó ku díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn nígbà tó gbọ́ ohùn ìyá náà, tó ń bẹ mègádì: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo òkè, kí ẹni tó ni kámẹ́rà yìí má lọ já bọ́ pẹ̀lú!"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ó yí padà, ó lọ kúnlẹ̀. "Èmi ni, Mà. Ẹ dárí jì mí."

"Ìwọ ò fara pa?" ni ìyá náà bi í, pẹ̀lú omijé lójú. Ìbéèrè yẹn dùn ún ju ìgbátí lọ.

Egungun èjìká ìyá náà ti sán. Ilé-ẹ̀kọ́ yọ Kò-gbélé kúrò nínú ìdíje. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò pariwo. Ó kó àfọ́kù kámẹ́rà sínú ọ̀rá, ó pe ìyàwó tuntun tó fẹ́ ya fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó ní kó wá ayàfọ́tò mìíràn. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bá.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, gbogbo Sátidé ni Kò-gbélé ń nu ilẹ̀ ilé àkójọ náà dípò ìyá náà. Ìyá yẹn á jókòó tì í, ọwọ́ rẹ̀ nínú aṣọ tí wọ́n so kọ́ ọrùn, á máa ní, "Igun yẹn ṣì kù o!" Àwòrán Gògòrò ni wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Kò-gbélé nu gíláàsì ojú àwòrán náà mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, ó rí àwọn ọmọ méjì tí wọ́n na fóònù kọjá irin òkè kẹta. Ó ju ìnulẹ̀ sílẹ̀, ó figbe ta: "Ẹ sún sẹ́yìn! Ènìyàn wà nísàlẹ̀!"

Wọ́n sún sẹ́yìn. Ìyá náà kàn mi orí pé ó dára. Ó ti wá yé Kò-gbélé pé ẹni tó bá ń lé ohun tó rẹwà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá sì ṣẹ̀, kó dúró jẹ́wọ́, nítorí sísá kì í mú egungun tó sán jinná.