Ohùn Tó Ṣáájú Ìbọn

Kí ìbọn tó dún, onígbàjámọ̀ ti gbójú sókè. Ohun tó kọ́kọ́ rú wa lójú nìyẹn. Gbogbo èrò tó wà ní títì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló ń wo iwájú. Òun nìkan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú kílípà lọ́wọ́, tó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n pè láti orí òrùlé. Lẹ́yìn náà ni ìbọn ró, ó sì ṣubú.

Omi ẹ̀rọ tó dá ló mú àwọn ará àdúgbò jáde láti fẹ̀hónú hàn lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ń wọ́ lọ pẹ̀lú garawa òfìfo. Onígbàjámọ̀ kò bá wọn lọ. Ariwo ló mú un jáde wá wòran. Oníbàárà tó fá lórí dé ìdajì ṣì ń dúró dè é lórí àga. Àwọn ọlọ́pàá sọ pé àárín èrò ni ìbọn ti wá. Ṣùgbọ́n ilé ìkẹ́rùsí alájà kan kọjú sí ṣọ́ọ̀bù náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọ sì ń gbé ìbọn. Àwọn yẹn búra pé ọta kankan kò jáde lọ́wọ́ àwọn. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti gbọ́ tẹnu gbogbo èèyàn.

Àwa mẹ́ta la gba ọ̀rọ̀ náà kanrí. Ẹ̀gbọ́n olóògbé ni àkọ́kọ́, obìnrin tí kò ju ẹgbẹ́ mi lọ, àmọ́ tó jẹ́ pé Àǹtí Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, torí pé òun ló kọ́ ọmọ gbogbo wa níwèé. Ìkejì ni Ojú-Àwòdì, tó ń ya fídíò ìgbéyàwó. Ẹ̀kẹta ni èmi, tí iṣẹ́ mi jẹ́ gbígba ohùn olórin sílẹ̀. Kò sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kankan nínú wa. Àǹtí Tíṣà ló ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n fún òun ní ohun tí fóònù wọn gbà sílẹ̀. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwọn mìíràn fún un, wọ́n ní kó ṣáà má dárúkọ àwọn.

Yàrá iṣẹ́ mi la ti ń ṣe é, nítorí mo ti fi tìmùtìmù bo ara ògiri rẹ̀, ariwo ìta kì í wọ ibẹ̀. Ojú-Àwòdì to àwọn àwòrán síra wọn, èmi sì ń to ohùn. Ìbọn kò ṣeé fi tan etí jẹ. Fóònù tó bá sún mọ́ ọn á kọ́kọ́ gbọ́ ọ, á sì gbọ́ ọ gan-an. Èyí tó jìnnà á gbọ́ tirẹ̀ kẹ́yìn, á sì rọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá fi wọ́n wéra, a lè mọ ibi tí ìbọn ti wá.

Ibi tí mo ti ń dín ariwo èrò kù ni mo ti gbọ́ obìnrin kan tó sọ̀rọ̀ ṣáájú ìbọn. Ohùn àgbàlagbà ni. Kò pariwo. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn rọra ń jí ọmọ lójú oorun.

"Ọmọ mi, wòkè."

Mo rò pé ẹnì kan tó dúró ti ẹni tó ń ya fídíò ni. Mo ṣí ti fóònù kejì, tó wà ní ìpẹ̀kun títì lọ́hùn-ún. Ohùn náà wà níbẹ̀. Mo ṣí èyí tí wọ́n yà láti inú mọ́tò tí wọ́n ti gbogbo gíláàsì rẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ìbọn ń lọ sókè sódò láti fóònù kan sí èkejì, àmọ́ ohùn obìnrin náà kò yí padà rárá. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ báyẹn, àfi kó jẹ́ pé ó dúró ti gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Orí mi wú. Ojú-Àwòdì, tí kì í yé ṣẹ̀fẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ ilé òkú, ṣí fìlà, ó dìde, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

A fẹnu kò pé a ò ní jẹ́ kí Àǹtí Tíṣà gbọ́ ọ. A tún fẹnu kò pé màá yọ ohùn náà kúrò, kí ìgbìmọ̀ má baà sọ pé a ti fi ọwọ́ kan ẹ̀rí. Mo yọ ọ́. Nígbà tí mo wá tẹ̀ ẹ́ ká gbọ́, ìbọn náà kò dún mọ́. Èrò ń pariwo, garawa ń dún, ọkùnrin náà sì kàn ṣubú bí aṣọ tó já lórí okùn. Mo dá ohùn obìnrin náà padà, ìbọn padà. Bó ṣe rí nìyẹn nínú gbogbo wọn.

Ẹnu ìyẹn la wà tí Àǹtí Tíṣà fi wọlé. Ó wo ojú wa, ó ní ohun yòówù tí a bá rí, kí a má fi pamọ́ fún òun. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ ọ lórí ìdúró, ó di etí tábìlì mú, ó ní kí n tún un tẹ̀.

"Màmá wa nìyẹn," ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bí wọ́n ṣe máa ń jí wa nìyẹn."

Mo mọ̀ pé màmá wọn ti kú tipẹ́, kí onígbàjámọ̀ tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ rárá. Ó kọjú sí wa.

"Ṣé wọ́n fẹ́ gbà á là ni, àbí wọ́n wá mú un lọ?"

Ojú-Àwòdì ní ká kúkú wo ibi tí olóògbé ń wò. Ó fa ìlà láti ojú rẹ̀ lọ sókè. Ìlà náà dé fèrèsé òkè ilé ìkẹ́rùsí. Ó fẹ àwòrán náà títí ó fi ń fọ́. Fèrèsé náà ṣí díẹ̀, ohun dúdú tín-ín-rín kan sì yọ orí síta. Ìṣirò ohùn tèmi náà kò lọ síbòmíràn.

Ní òwúrọ̀ tí ìgbìmọ̀ jókòó, àwọn ẹ̀ṣọ́ tò sẹ́yìn lọ́ọ̀yà wọn. Alága ní kí n tẹ ohun tí mo bá wá. Mo tẹ̀ ẹ́ lódindi. Ohùn náà jáde, ó ṣe kedere létí mi bí ẹni pé wọ́n sọ ọ́ sí mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n alága béèrè nípa ìbọn, ó béèrè nípa fèrèsé, kò béèrè nípa obìnrin kankan. Kò gbọ́ ọ. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ ní gbọ̀ngàn náà àfi àwa mẹ́ta.

Ó ní kí n tún un tẹ̀. Ìgbà yìí ni Àǹtí Tíṣà gbá mi lọ́wọ́ mú. Gbogbo èèyàn ló ń wo àwòrán tó wà lára ògiri, àfi ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó ti ń hewú. Kí ìbọn tó dún, ó ti gbé àgbọ̀n sókè, ó ń wo àjà.

Lọ́ọ̀yà rẹ̀ fà á láṣọ, àmọ́ ó dìde. Ohùn ẹni tí kò sùn dáadáa ló fi sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi bẹ màmá yẹn kí wọ́n dákẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti yìnbọn ni wọ́n ti ń sọ pé kí n wòkè. Bí mo bá sì ti wòkè, ọmọ wọn ni mò ń rí."

Alága bi í pé màmá wo. Ẹ̀ṣọ́ náà ń ka gbogbo ẹ̀ nìṣó, bó ṣe dúró sẹ́nu fèrèsé, bí ẹ̀rù èrò ṣe bà á, bó ṣe yìnbọn. Nígbà tí wọ́n ń mú un jáde, ojú rẹ̀ kò kúrò lókè, ńṣe ni wọ́n dì í lápá bí ẹni tí kò ríran, kó má baà kọsẹ̀.

A padà sí yàrá iṣẹ́ mi. Àǹtí Tíṣà ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn màmá òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tẹ̀ ẹ́. Èrò pariwo, ìbọn ró. Mo rò pé mo tẹ òmíràn ni. Mo ṣí ìkejì, mo ṣí ti inú mọ́tò. Ìbọn nìkan ló wà níbẹ̀.

Kò ya Àǹtí Tíṣà lẹ́nu. Ó mú báàgì rẹ̀ nílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kàn mí léjìká.

"Ẹ má wá wọn mọ́," ó ní. "Màmá ti bá ẹ̀ṣọ́ yẹn lọ."