Sàréè Tó Gbóná

Sàréè kì í gbóná. Ohun tí Kaosarah ń tún sọ fún ara rẹ̀ nìyí níwájú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wọn ní Toronto, tíì rẹ̀ sì ti tutù sínú ife.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà. Ojú méjì ni sátẹ́láìtì ọ̀hún ní: ọ̀kan ń rí ohun tí ojú ènìyàn ń rí, èkejì ń rí ooru. Òun ni wọ́n fi ń mọ ilé tí ooru ń jò lórí òrùlé rẹ̀ ní Brampton, ìlú kan nítòsí Toronto. Lọ́jọ́ náà, àárò ilé sọ ọ́, ó bá ṣí àwòrán àgbàlá wọn ní Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Lójú lásán, sìmẹ́ǹtì ni sàréè náà. Lójú ooru, ó pọ́n yòò, ó gùn tó ènìyàn.

Ó wo ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó wò ó lọ sẹ́yìn títí dé ọjọ́ ìsìnkú. Kò tutù rí.

Inú bí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá yìí ti dákú rí, tó sì jí. Ìdí nìyẹn tó fi bẹ Luqman, àbúrò rẹ̀, lọ́jọ́ náà pé kó pe dókítà kí wọ́n tó sin Bàbá. Luqman ní dókítà ti wá.

Ó pè é.

“Luqman, dókítà wo ló yẹ Bàbá wò?”

“Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀.”

“Mo ní dókítà wo?”

“Kò sí dókítà.” Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Nígbà tí mo gbé wọn sí kòtò, ọwọ́ wọn di ọrùn ọwọ́ mi mú. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo já ọwọ́ mi gbà.”

“Wait ni mo ní kó o wait! Just wait! Ìkà ni ẹ́, Luqman!”

Gbogbo ọ́fíìsì yíjú sí i. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa rẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Òkun ńlá wà láàárín òun àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fẹ́ gbá.

Ibẹ̀ ni àwòrán tuntun wọlé, ti wákàtí kan sẹ́yìn. Sàréè ti tutù.

“Níbo lo wà láti ọ̀sán?”

“Orí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Láti ìgbà tí mo ti kírun àlàásárì.”

“Ìwọ àti ta ni?”

“Èmi nìkan.”

Lójú lásán, ènìyàn kan ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Lójú ooru, méjì ni, wọ́n fara mọ́ra típẹ́.

“Àǹtí, kí lẹ rí?” Ó ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ọrùn ọwọ́ mi ń gbóná.”

Ó yẹ kí Kaosarah ní kó sáré. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó wá rántí ọwọ́ tí Luqman já gbà lọ́wọ́ Bàbá.

“Kò sí nǹkan,” ló wí jẹ́jẹ́. “Ṣáà wait.”

Ó pa fóònù.