Odi Dúró Ṣinṣin

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì búra pé òun kò rí bàbá arúgbó náà kí ó wọlé rí. "Àfi tó bá ń gba ojú ihò kọ́kọ́rọ́," ó ní. Síbẹ̀ ọ̀sán gbogbo ni mo ń bá a lórí àga, níwájú àwọn wàláà amọ̀, tí òórùn ilẹ̀ tútù ń jáde lára rẹ̀.

Ogún ọdún ni mo ti ń ka àwọn wàláà náà nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa. Akọ̀wé ìjọba ńlá kan tó ti parẹ́ ló kọ wọ́n. Ọdọọdún ló ń kọ ohun kan náà sí ọba: "Odi ìlú dúró ṣinṣin." Á wá tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ amọ̀. Àpá kan dábùú ìka náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá gbé ìwé wá fún mi. Òpó àárín gbọ̀ngàn ti sán. Ìka mi wọ ojú ibi tó sán náà. Ìwé náà ní kò séwu, kí àwọn ọmọ iléèwé lè wá wòran. Kíláàsì ọmọbìnrin mi ló ń bọ̀ lọ́sàn-án.

"Buwọ́ lù ú jàre. Òpó tó ti wà kí bàbá ẹ tó fẹ́ ìyá ẹ!"

Ó ti rẹ̀ mí. Mo buwọ́ lù ú.

Lọ́sàn-án, bàbá náà sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, wúyẹ́wúyẹ́.

"Ìyá oníwàláà, wọ́n ní kí ló pa ìlú tó ni wàláà yìí?"

"Àwọn kan ní ọ̀tá ni, bàbá. Àwọn kan ní ọ̀dá ni."

"Ọ̀tá!" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Odi ti wó kí wọ́n tó dé. Ṣe ni wọ́n rìn wọlé bí ẹni tó wá kí àna rẹ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mo rí i nígbà tó kọ́kọ́ sán. Ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ máa lọ sílé. Mo kọ ọ́ pé ó dúró. Nígbà tí ọdún yípo, ta ló fẹ́ jẹ́wọ́ pé irọ́ lòun pa lésìí?" Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀bá odi yẹn lọmọ mi ń sùn."

Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè. Àpá náà wà níbẹ̀.

Mo sáré tọ ọ̀gá lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá ìwé yẹn padà fún mi."

"Kí n wá sọ fún iléèwé pé irọ́ lo pa láàárọ̀?"

Mo nawọ́ sí ọ̀gá. Mo wo ọwọ́ mi: amọ̀ tútù ti bo àtàǹpàkò mi.

"Màámi!" Ọmọ mi ń juwọ́ sí mi láti inú gbọ̀ngàn. Ó ti fẹ̀yìn ti òpó.