Màdáámù Ẹ-Má-Fọwọ́-Kàn-Án

Àga tí mo jókòó lé kì í ṣe àga ìjókòó. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Òjò ló lé mi wọlé. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń gba iwájú ilé àwòrán ńlá yẹn kọjá, mi ò tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ rí. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ga ju ti ilé ẹjọ́ lọ. Mo rò pé wọn ò kọ́ ọ fún irú wa. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ Ọ̀FẸ́ gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ yẹn sì wà lára ìwọ̀nba tí mo lè kà láìsinmi lágbede méjì. Mo wọlé, mo ń retí kí ẹnì kan pè mí padà. Kò sẹ́ni tó pè mí.

Alágbàfọ̀ ni mí. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ti wà lórí ìdúró nídìí áyọ́ọ̀nù, ẹsẹ̀ ń ro mí. Mo rí àga onígi kan nínú yàrá kẹrin, mo rọra fìdí lé e.

"Bùrọ̀dá, ẹ dìde," ohùn obìnrin kan wí lẹ́yìn mi. "Ẹ má sáré o, ẹ rọra. Àga yẹn ti lo igba ọdún láyé, ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó máa jókòó lé e látìgbà tí mo ti débí."

Mo dìde bí ẹni tó jókòó lé ẹyin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, mo pè é ní màdáámù, mo pè é ní ọ̀gá, díẹ̀ ló kù kí n pè é ní ìyá mi. Olùṣọ́ ibẹ̀ ni. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ búlúù, ojú rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n mo rí i pé ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra.

Mo tún rí nǹkan mìíràn. Kọ́là aṣọ rẹ̀ ti jóná díẹ̀ lápá òsì. Ẹni tó lọ̀ ọ́ gbé áyọ́ọ̀nù lé e pẹ́ jù. Bí ẹ̀rù bá ń bà mí báyìí, ojú mi máa ń là sí i ni. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn.

Mo sọ ọ́ fún un. Mi ò mọ ohun tó sọ ọ́ lẹ́nu mi. Ó fọwọ́ kan kọ́là náà, ó ní òun fúnra òun lòun lọ̀ ọ́, ó wá rẹ́rìn-ín tán pátá.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ìsinmi mi. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, mo purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé mo fẹ́ lọ ra sítáàṣì, mo padà síbẹ̀.

Iṣẹ́ àwọn olùṣọ́ yẹn ní òfin. Wọn ò gbọdọ̀ jókòó. Wọn ò gbọdọ̀ bá àlejò tàkúrọ̀sọ. Tí ẹ bá béèrè ọ̀rọ̀ nípa àwòrán, wọ́n lè dá yín lóhùn, ó tán. Bí wákàtí kan bá sì pé, agogo á dún, gbogbo wọn á pààrọ̀ yàrá, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó máa tẹ̀ lé wọn kiri. Òun ló kọ́ mi ní ọgbọ́n tá a fi ń sọ̀rọ̀. Ó ní bí ọ̀gá àwọn bá ń bọ̀, kí n yáa nàka sí àwòrán kan, kí n béèrè ọdún tí wọ́n yà á.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, a ń sọ̀rọ̀, a ń nàka. Ó sọ fún mi pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń pe òun ní Màdáámù Ẹ-Má-Fọwọ́-Kàn-Án, torí ohun tó ń sọ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Èmi náà sọ fún un pé ọkùnrin olówó tó wà nínú àwòrán ńlá ti apá ọ̀tún yẹn, ẹni tó bá a lọ aṣọ rẹ̀ ò mọṣẹ́. Apá rẹ̀ kan gún, ìkejì rún. Ó dúró wò ó títí. Ó ní ọdún mọ́kànlá lòun ti ń dúró níwájú ọkùnrin yẹn, òun ò rí i rí.

Látìgbà yẹn ló ti di pé bí mo bá dé, á ní kí n wá wo aṣọ àwọn èèyàn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí ní èrò mi rí láyé mi, àfi tó bá jẹ́ ti àbàwọ́n ara aṣọ. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n sọ ọ́ jáde, iṣẹ́ ni. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, mo ní, "Màdáámù, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé," agogo dún. Ọjọ́bọ̀ kejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni àwọn arúgbó bí ọgbọ̀n ya wọlé pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn, ọ̀kan ò sì gbọ́ràn dáadáa, ó ń béèrè gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́bọ̀ kẹta, ọ̀gá wọn dúró tì wá bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀. Inú bí mi débi pé mo ń bá ara mi jà lójú títì nígbà tí mò ń lọ sílé.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin, òun ló wò mí lójú. Ó ní, "Bùrọ̀dá Alágbàfọ̀, ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ mi ni, àbí àwòrán lẹ ń wá wò?"

Mo ní, "Méjèèjì."

Inú rẹ̀ dùn, mo rí i. Mo wá fi ẹnu ara mi bà á jẹ́. Mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹ̀gbọ́n mi. Ó béèrè ọjọ́ orí mi. Mo ní méjìléláàádọ́ta. Ó kàn tún ìdúró rẹ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa kú. Ilé rẹ̀ ni mò ń gbé látìgbà tí ìyàwó mi ti fi mí sílẹ̀ lọ sọ́run. Mi ò ra bàtà rí láìfi hàn án. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ obìnrin náà fún un, ó ní òun á tẹ̀ lé mi lọ wò ó. Mo rò pé ire ló máa yọrí sí.

Ó wọ bàtà tó dára jù lọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ síbẹ̀, kò sì wo àwòrán kankan. Ó lọ tààrà sí yàrá kẹrin. Màdáámù kúnlẹ̀ kí i nínú aṣọ iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè ọmọ mélòó ló ní, ó ní méjì. Ó béèrè ọkọ rẹ̀, Màdáámù ní ó ti fi òun sílẹ̀ láti ọdún méje, kò sì wẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbóhùn sókè. "Àbúrò tèmi ò ní máa ṣa ohun tí ọkùnrin mìíràn jù nù."

Ohùn náà kún yàrá. Ọ̀gá wọn yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Màdáámù yíjú sí mi. Ó ń retí kí n sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan péré.

Mo nàka sí àwòrán. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, màdáámù, ọdún wo ni wọ́n ya eléyìí?"

Ó dá mi lóhùn bí ẹni tí kò rí mi rí. Ó sọ ọdún náà, ó sọ irú ọ̀dà tí wọ́n fi yà á, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo wá. Mi ò tíì gbọ́ ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ, kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gbé e lọ sí òmíràn lára irú ilé bẹ́ẹ̀ tí ìlú ní. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì àbáwọlé ní àwọn kì í sọ ibi tí òṣìṣẹ́ wà fún ará ìta. Mo ní mo ti ń wá síbẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Ó ní kí n máa bọ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Oníbàárà mi kan tó mọ̀wé bá mi ka orúkọ gbogbo ilé tí ìlú ń ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ará ìlú. Mẹ́jọ ni. Èmi tí ẹ̀rù ilẹ̀kùn kan ń bà, ó wá di mẹ́jọ. Ọjọ́bọ̀ kan, ilé kan. Èkíní, wọ́n ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe, wọ́n tì í pa. Ìkejì kì í ṣí ní Ọjọ́bọ̀. Mo wọ bọ́ọ̀sì méjì débẹ̀ kí n tó mọ̀. Ìkẹta jẹ́ ilé tí wọ́n kó òkú ẹja sínú ìgò fún ìran wíwò, mo yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, olùṣọ́ ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ èmi gan-an. Ní ìkẹrin, wọ́n ní obìnrin tí mò ń júwe yẹn dé lánàá, ó gba iṣẹ́ ẹni kan tí ara rẹ̀ ò yá, ó ti lọ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo bú ara mi títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi.

Ilé aago àtijọ́ ni ìkarùn-ún. Yàrá kékeré méjì, oríṣiríṣi aago, kálukú ń sọ àkókò tirẹ̀. Ó dúró láàárín wọn. Ó rí mi, kò rẹ́rìn-ín.

Kò sí ọ̀gá nítòsí, síbẹ̀ àwọn aago ni mo ń wò.

Òun ló sọ̀rọ̀. "Mi ò bínú sí ẹ̀gbọ́n yín. Ohun tó wà nínú wọn ni wọ́n sọ. Ẹ̀yin lẹ ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rí aṣọ tó rún láti òkèèrè, wọ́n tẹ èmi mọ́lẹ̀ lójú yín, ẹ ò rí i."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ̀bẹ̀ kọ́ lòun fẹ́.

"Ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ lójú wọn. Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ má wá mọ́. Ọ̀fẹ́ ni ilé yìí. Èmi kì í ṣe ọ̀fẹ́."

Mo délé, ẹ̀gbọ́n mi ń bó ọsàn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní kí ló dé, mo ní aṣọ rẹ̀ ti gbẹ. Lọ́jọ́ kejì, mo tún ní, "Ẹ̀gbọ́n mi," ó gbójú sókè, mo béèrè bóyá ó ti mu oògùn rẹ̀. Ó ní ṣé orí mi pé. Mo wọ yàrá mi, mo fi ìrọ̀rí bo ojú, mo fi eyín mú un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, n kò jẹ́ kí ó gbójú sókè. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo bá sọ̀rọ̀. Mo ní mo fẹ́ràn obìnrin yẹn, mo máa fẹ́ ẹ, ohun tí ó sọ sí i kò dára, èmi tí mo dákẹ́ ni mo sì burú jù.

Ó wá ka gbogbo oore tó ṣe mí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì fi irọ́ kan kún un. Ó ní bí mo bá ti dàgbà báyìí, kí n kó ẹrù mi. Omijé wà lójú rẹ̀. Mo kó o. Ṣọ́ọ̀bù mi ni mo kó o lọ, orí tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ ni mo ń sùn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó rán èèyàn gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì tí mo gbàgbé wá fún mi. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan ránṣẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí àánú, títí dòní.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mi ò wọlé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà jáde títí aago márùn-ún fi lù. Ó jáde wá nínú aṣọ ilé, mi ò sì dá a mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mo ti sọ fún wọn," mo ní.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n kó ẹrù mi."

"Ṣé ẹ kó o?"

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọrùn ń dùn mí."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tí nǹkan ti fọ́. Ó wá ní kí a máa lọ sílé òun, kí n wá rí àwọn ọmọ òun. Ó ní kí n múra sílẹ̀, torí ọmọ òun obìnrin le ju ẹ̀gbọ́n mi lọ, ó sì ti ní ìbéèrè nílẹ̀ fún mi.

Mo béèrè bóyá ó tún ku ẹnì kan lẹ́yìn ìyẹn.

Ó ní màmá òun ṣì wà láyé.

Mo mí kanlẹ̀. Bọ́ọ̀sì ń bọ̀. Ó na ọwọ́ sí mi, mo sì dì í mú níwájú gbogbo èèyàn. Mo ní, "Olólùfẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká lọ."