Àdúrà Aago Márùn-ún Tó Di Orin

Aago márùn-ún ìdájí ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí Mofìyìnfólúwa yọ́ wọ pálọ̀ bí ológbò tó gbóòórùn ẹja. Ó tẹ fóònù rẹ̀ kó máa gba ohùn sílẹ̀, ó tì í sábẹ́ tábìlì kékeré tó wà láàárín àwọn àga, ó fi ìwé ìròyìn àtijọ́ bò ó, ó sì yọ́ padà sórí ibùsùn. Kò pẹ́ ni ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀ dún, tí sílípáàsì ń wọ́ bọ̀ ní pálọ̀, tí àtẹ́wọ́ mẹ́ta sì tẹ̀ lé e.

Ohùn ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà ń jí. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Màmá Fìyìn. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ ní ọ́fíìsì láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kò sóhun tó lè mú un bá Ọlọ́run sọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí aago márùn-ún bá ti lù, á bọ́ sí pálọ̀, á fi orin àti ìyìn bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ á máa lọ sókè, á máa wálẹ̀, àwọn ará òkè ilé á sì mọ̀ pé ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni á ṣí ìwé pélébé kan tó kọ orúkọ àwọn èèyàn sí. Àwọn obìnrin ìjọ wọn ló máa ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn pé, "Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sádùúrà, mà." Bó bá ti dórí ìwé yẹn, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀ pátápátá, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ohun tó ń sọ àfi Ẹni tó ń sọ ọ́ fún. Lọ́jọ́ náà, fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ orin ló fa gbogbo rẹ̀. Tíṣà orin wọn ní iléèwé, Ọ̀gbẹ́ni Japheth, ọmọ ìlú Jos, ló fi ojúlé kan hàn wọ́n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀, àwọn èèyàn káàkiri àgbáyé ń kó ohùn àdúgbò wọn jọ: yìnyín tó ń sán lórí adágún, ọkọ̀ ojú irin nílẹ̀ Íńdíà, agogo ọrùn àgùntàn lórí òkè. Àwọn olórin tó wà ní ìlú òkèèrè á mú ohùn tí wọn ò gbọ́ rí, wọ́n á gé e, wọ́n á nà án, wọ́n á po ohun èlò orin mọ́ ọn, á sì di orin tuntun. Òfin kan ni Ọ̀gbẹ́ni Japheth tẹnu mọ́ títí tó fi sú wọn: bí ohùn èèyàn bá wà nínú ohun tí ẹ gbà sílẹ̀, olóhùn náà gbọ́dọ̀ mọ̀, kó sì gbà.

Fìyìn gba ìró ọsàn tí wọ́n ń dà sílẹ̀ lọ́jà Zuba. Ó gba ariwo fèrè ọkọ̀ àwọn onítakisí ní Wuse. Oṣù kan kọjá, kò sẹ́ni tó yà sí i. Ayọ̀midọ̀tun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, kàn gba ìró òjò lórí páànù ilé jẹnẹrétọ̀ ni. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ọkùnrin kan ní Japan ti fi dùùrù sí i, gbogbo kíláàsì sì pàtẹ́wọ́ fún un. Saeed tó máa ń jókòó lẹ́yìn wọn wá sọ ọ́ di àwàdà pé ọsàn Fìyìn kò tíì rí oníbàárà, pé bó bá pẹ́ sí i yóò jẹrà. Fìyìn bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

Ilé kan náà ni òun àti Ayọ̀midọ̀tun ń gbé ní Kárù, Fìyìn nísàlẹ̀, Ayọ̀midọ̀tun lókè. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ. Bí Ayọ̀midọ̀tun bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti bàbá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í gbà á mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayọ̀ Àjíṣafẹ́ kì í jáde láìwọ kóòtù, táì rẹ̀ kì í wọ́, bàtà rẹ̀ sì máa ń dán gbinrin, nítorí ọmọ rẹ̀ yìí fúnra rẹ̀ ló ń fi pólíìṣì nù ún lálaalẹ́. Bàtà ọ́fíìsì ni, á ní, kò gbọdọ̀ dọ̀tí.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí bọ́ọ̀sì iléèwé tó dé, Fìyìn gbé fóònù sétí. Ìṣẹ́jú mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ó gbọ́. Ìyìn ni, orin ni, ó sì dùn débi pé orí rẹ̀ wú. Ó ku bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ti ń fun fèrè níta, ó sì rò ó pé bákan náà ni yóò rí títí dé òpin. Ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ojúlé náà bi í pé ǹjẹ́ ẹni tó ni ohùn yìí ti gbà. Ìka rẹ̀ dúró díẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá béèrè, ìyá òun yóò ní rárá. Ó tún rò ó pé, ta ló tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá nínú àwọn òyìnbó yẹn ná? Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ obìnrin olórin kan ní Finland tó ń jẹ́ Aino. Ó ní òun kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà láàárín rẹ̀ tí kò kúrò létí òun látìgbà tí òun ti gbọ́ ọ, òun sì ti fi ṣe ègbè orin. Inú Fìyìn dùn débi pé kò béèrè gbólóhùn wo ni. Orin náà gan-an wà lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Japheth, ẹni tó ní kí wọ́n pa á mọ́ di ọjọ́ àjọ̀dún iléèwé, kí gbogbo èèyàn lè jọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Fìyìn sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣàìwá, pé ohun kan ń bẹ tí yóò yà wọ́n lẹ́nu. Lórí ìyẹn, kò parọ́.

Lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ìyá Fìyìn jókòó sí ìlà kejì, Màmá Ayọ̀midọ̀tun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Àjíṣafẹ́ sì tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù àti táì. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú níbi táwọn ọmọ kíláàsì wọn jókòó sí. Ọ̀gbẹ́ni Japheth tẹ orin.

Fèrè kan ló kọ́kọ́ dún, ó tutù, ó jìnnà. Lẹ́yìn náà, àtẹ́wọ́ mẹ́ta. Ìyá Fìyìn gbé orí sókè. Nígbà tí ohùn tirẹ̀ gan-an jáde láti inú àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá, tó ń yin Ọlọ́run, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń fi ojú wá ọmọ rẹ̀ kiri, kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun bínú. Fìyìn juwọ́ sí i. Fèrè wá dákẹ́. Ohùn náà wálẹ̀, ó di jẹ́jẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́ ọ ketekete.

"Rántí Bámiṣayọ̀ Àjíṣafẹ́, Olúwa. Ó ń wọ kóòtù jáde láràárọ̀, kò níṣẹ́ tó ń lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ̀."

Agogo kéékèèké wọlé, gbólóhùn náà sì padà dé. Ó ń wọ kóòtù jáde láràárọ̀, kò níṣẹ́ tó ń lọ. Aino ti nà án, ó ti fi ohùn mìíràn gbè é, ó ti gbé e lé orí fèrè. Ẹ̀ẹ̀meje ni ó padà wá kí orin náà tó parí.

Fìyìn kọ́kọ́ rò pé etí òun ló ń tan òun jẹ. Ohun tó wá burú jù ni pé orin náà dùn. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, àwọn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, ti ń pàtẹ́wọ́ sí i. Nígbà tó fi di ìgbà kẹrin, Saeed àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ ègbè náà, wọ́n ń kùn ún tẹ̀ lé e láìmọ̀tumọ̀. "Kai, Fìyìn, this your song sweet well well," ni Saeed wí láti ẹ̀yìn.

Ọwọ́ Ayọ̀midọ̀tun yọ kúrò nínú ti Fìyìn díẹ̀díẹ̀. Kò wo Fìyìn. Bàtà bàbá rẹ̀ ni ó ń wò, bàtà tí òun fúnra rẹ̀ nù lálẹ́ àná, bíi pé kò rí i rí. Ìyá Fìyìn kò lè pa ẹnu rẹ̀ dé. Màmá Ayọ̀midọ̀tun yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan, ó tún yíjú kúrò, nítorí òun ló gbé ọ̀rọ̀ náà fún un. Ní ti Ọ̀gbẹ́ni Àjíṣafẹ́, kò dìde, nítorí bó bá dìde, àwọn tí kò tíì mọ̀ pé òun ni yóò mọ̀. Nígbà tí orin parí tí gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́, òun náà gbé ọwọ́ sókè, ó pàtẹ́wọ́. Ìyẹn ni Fìyìn rí tí kò fi dìde nígbà tí ọ̀gá iléèwé pè é sórí pèpéle.

Nílé, ó ń retí kí ìyá rẹ̀ pariwo. Kò pariwo. Ó jókòó sórí àga, báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká, ó bi í ní jẹ́jẹ́ pé, "Fìyìn, ṣé o béèrè lọ́wọ́ mi?"

"Rárá, mà."

"Kì í ṣe orin lo gbà sílẹ̀. Ẹrù ẹlẹ́rù ni. Wọ́n gbé e fún mi pé kí n bá wọn rù ú dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ìwọ wá gbé e lọ sí Finland."

Ọ̀gbẹ́ni Japheth káwọ́ lérí nígbà tó gbọ́ ìtumọ̀ ohun tó ti fi gbogbo ara jó sí. Ó mú kí wọ́n yọ ohùn náà kúrò lórí ojúlé, ó sì kọ̀wé sí Aino lójú ẹsẹ̀. Obìnrin náà bẹ̀bẹ̀, ó sì yọ orin náà kúrò lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e sáfẹ́fẹ́ lórí rédíò kan nílùú rẹ̀, àwọn èèyàn sì ti kó o sínú fóònù wọn. Ní iléèwé, Àbdùlràhmọ̀n, ọmọ Ìlọrin tó wà ní kíláàsì kejì, túmọ̀ ègbè náà fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, àwọn tó ń kùn ún ti mọ ẹni tí wọ́n ń fi kọrin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àbúrò Ọ̀gbẹ́ni Àjíṣafẹ́ pè é láti London, ó ní òun gbọ́ orin kan. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Fìyìn tó ní kò sí òyìnbó tó gbọ́ Yorùbá kò rántí pé ayé ti lu jára, pé kò síbi tí Yorùbá ò sí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Kugbo. Wọ́n bá Ọ̀gbẹ́ni Àjíṣafẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan láàárín àwọn tó ń kan àga. Kò wọ kóòtù. Ó ń fá pákó, èérún igi bo apá rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń bọ́ aṣọ sínú báàgì níbẹ̀ láràárọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́, tí yóò sì tún wọ̀ ọ́ padà kó tó relé. Fìyìn kúnlẹ̀ sínú èérún igi, ó fi Yorùbá rẹ̀ tó ń kọsẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Mo ṣe ohun tí kò dáa sí yín, sà. Mo parọ́ pé màmá mi gbà, mi ò sì gbọ́ ohun tí mo fi ránṣẹ́. Ẹ má bínú."

Ọkùnrin náà gbé pákó sílẹ̀. "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a," ni ó wí. "Èmi náà parọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń wá ọjọ́ tí n óò sọ fún Ayọ̀. Ẹnu mi ló yẹ kó ti gbọ́ ọ, Fìyìn. Níwájú gbogbo ayé ló ti gbọ́ ọ." Ó gbọn èérún igi kúrò lápá rẹ̀. "Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè bá ọ bẹ ọmọ mi."

Ó padà sídìí iṣẹ́. Ìró pákó náà gùn, ó dán létí, èérún rẹ̀ ń ká jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọwọ́ Fìyìn ti lọ bá fóònù nínú àpò kó tó mọ̀. Ó yọ ọwọ́ náà jáde lófìfo.

Ayọ̀midọ̀tun ti pààrọ̀ ìjókòó ní kíláàsì. Odidi oṣù kan gbáko ni kò fi bá Fìyìn sọ nǹkan kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n pàdé lórí àtẹ̀gùn, ó sì ní, "Bàbá mi ti kan àga àkọ́kọ́ tán." Kò dúró gbọ́ èsì.

Ohùn èèyàn kì í ṣe ọsàn tí wọ́n dà sílẹ̀ ní Zuba, tí ẹni tó bá ṣáà ti ń kọjá lè fi fóònù kó lọ. Ó ní ẹni tó ni ín. Ẹni náà ló yẹ ká béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá sì ní rárá, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Fìyìn mọ̀ ọ́n báyìí, ó sì ń rántí rẹ̀ láràárọ̀. Aago márùn-ún ṣì ń lù ní ilé wọn, sílípáàsì ṣì ń wọ́ lọ sí pálọ̀, ṣùgbọ́n kò sí àtẹ́wọ́ mọ́, kò sí orin. Ètè nìkan ni ìyá rẹ̀ ń mì. Fìyìn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohùn tó wà nínú fóònù rẹ́, níṣojú ìyá rẹ̀. Ó máa ń jí báyìí kílẹ̀ tó mọ́, á jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ láìmú fóònù dání, á máa retí kí ìyá òun tún gbé ohùn sókè. Kò tíì gbé e.