Wáàsí Bàbá Mi Ni Ò Jẹ́ Kó Sùn

Ẹ jẹ́ n rò ó fún yín, ẹ má tíì dá mi lóhùn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Sanmí tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, abẹ́ tábìlì ló wà nílé ẹyin bàbá mi ní Lálúpọn, ó ń fa wáyà. Ó yọrí, ìyẹ́ adìyẹ wà nínú irun ẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ mà."

Èmi! Mà! Mo bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé.

Kọ̀ǹpútà ló ń sọ fún ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin pé kó yí wọn padà ní wákàtí-wákàtí. Àmọ́ aago inú ẹ̀ ń falẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òròmọdìyẹ ti kú sínú ẹyin.

Bàbá mi, Alájì Jùbrílù, fárígá. "Tí mo bá jókòó tì í, aago pé. Tí mo bá kúrò, ó falẹ̀. Ọmọ Àládùúrà yìí ló ń fà á sẹ́yìn, kó lè máa rí ẹ. Kifayah, tí ẹyin yìí bá tún bàjẹ́, kò gbọdọ̀ tẹ ilé mi mọ́. Mahfuz ọmọ ọ̀rẹ́ mi lo máa fẹ́."

"Tí ẹyin bá pa ńkọ́?"

"Kó pa ná."

"Rárá o, ẹ sọ ọ́ lójú ìyá mi."

Wọ́n ní, "Tó bá pa, kó mú àwọn òbí ẹ̀ wá."

Àwọn àbúrò bàbá mi ní kí n fi í sílẹ̀. Mo ní ẹni tó bá wù kó fẹ́ Mahfuz fúnra ẹ̀!

Mo wá bi Sanmí, "Ọkọ mi, kí ni bàbá máa ń ṣe níbẹ̀?" Wáàsí! Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n ti ń gbọ́ wáàsí. A tan wáàsí láti àárọ̀ dọ̀sán, aago pé. A pa á, kó tó dìrọ̀lẹ́, ó ti fi ogún ìṣẹ́jú falẹ̀.

"Ìfẹ́ mi," Sanmí ń fò sókè, "ọpọlọ ẹ̀ ló ń sùn! Tí kò bá ríṣẹ́ ṣe, á tòògbé kó má bàa jẹná. Tó bá ti sùn wọra, kì í ka ìṣẹ́jú dáadáa mọ́. Wáàsí bàbá yín ni ò jẹ́ kó sùn."

Ó wọ sẹ́tíǹsì kọ̀ǹpútà náà, ó dá oorun yẹn dúró. Aago ò falẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kọkànlélógún tí ẹyin wọnú ẹ̀rọ, wọ́n pa, òròmọdìyẹ ń ké ṣíoṣío. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n.

"Ẹ bẹ Sanmí," mo ní.

"Èmi Alájì?"

"Ẹ ò ní bẹ̀ ẹ́? Kò burú. Ẹ fi mí fún un."

"Ọmọ yìí, ta lo fi agídí jọ gan-an?"

Ìyá mi pariwo láti ìdí ààrò: "Ẹ̀yin ni!"

Aago mẹ́wàá la dá fún àwọn ará ilé Sanmí. Mẹ́wàá géérégé, wọ́n yọ nínú sùtánà funfun.

Bàbá mi ti dé fìlà, wọ́n ti jókòó síta láti mẹ́sàn-án.