Láptọ́ọ̀pù Tí Kì Í Gbóná

Ẹ̀gbọ́n Adùnlétí obìnrin gbé ọwọ́ lé láptọ́ọ̀pù àbúrò rẹ̀, ó sì yára fa ọwọ́ náà sẹ́yìn.

"Àbúrò mi, láti àárọ̀ lo ti ń to orin lórí nǹkan yìí. Kí ló dé tí kò gbóná?"

"Ojúlówó láptọ́ọ̀pù kì í gbóná, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èyí kọjá kó má gbóná. Ó tutù bí ẹsẹ̀ òkú."

Adùnlétí rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà di ikọ́ mọ́ ọn lọ́fun. Nínú ilé tuntun tó fi owó orin rà ni wọ́n wà. Mọ́tò ńlá wà níta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó tọ́ ọ dàgbà látìgbà tí ìyá wọn ti kú, ti ní ṣọ́ọ̀bù tara rẹ̀. Gbogbo nǹkan ń lọ geere. Èémí Adùnlétí nìkan ni kò lọ geere.

Ṣáájú ìgbà náà, láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan ló ní, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi owó aṣọ rírán rà fún un. Fáànù rẹ̀ ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè é sí orí ìtàgé ńlá, orin há mọ́ láptọ́ọ̀pù náà lẹ́nu. Ó ń pe ìdajì ọ̀rọ̀ kan lápètúnpè, kẹ-kẹ-kẹ-kẹ, títí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn. Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ Adùnlétí lára, kò sì jáde mọ́. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, kò ní mọ ibi tó ń lọ.

Ló bá gba ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta láptọ́ọ̀pù lọ. Obìnrin náà mọṣẹ́.

"Má wo ẹwà ẹ̀ o," ni ó wí. "Ṣí orin rẹ tó wúwo jù lórí ẹ̀, èyí tí ìlù àti ohùn pọ̀ nínú ẹ̀. Jẹ́ kó máa lọ títí ara ẹ̀ á fi gbóná. Bí ohùn bá ń já, fi í sílẹ̀. Wo mẹ́mọ̀rì ẹ̀, kó pọ̀ dáadáa. Wo ojú ihò ẹ̀ pẹ̀lú. Níbo lo máa ki dùùrù bọ̀? Níbo lo máa ki máìkì bọ̀? Tó o bá sì dé orí ìtàgé, pa íńtánẹ́ẹ̀tì, má gbójú lé bátìrì."

"Àǹtí, ṣé kò ní há láéláé?"

"Ẹ̀rọ ni, àbúrò mi. Èyí tí kì í há, mi ò tíì tà á rí."

Òótọ́ lobìnrin náà sọ, òótọ́ ọ̀hún gan-an ni Adùnlétí kò fẹ́ gbọ́. Bó ṣe jáde, ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà dìde tẹ̀ lé e. Aṣọ rẹ̀ funfun nini, èékánná rẹ̀ dúdú. Adáhunṣe ni.

"Mo ní èyí tí kì í há," ni ó wí.

Ọ̀sán gangan ni, àmọ́ òkùnkùn biribiri ló wà nínú yàrá tó mú un lọ. Kò sí fèrèsé. Láptọ́ọ̀pù tó ti kú ni wọ́n kàn mọ́ ara ògiri yíká, gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀. Ẹyọ kan péré ló ń tàn, láàárín ilẹ̀, láìsí wáyà kankan lára rẹ̀. Atẹ́gùn tó ń ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde ń rùn bí ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Adùnlétí fẹ́ jókòó.

"Ta ló ní kó o jókòó?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Èló ni?"

"Èló? Òun ni yóò máa fún ọ lówó. Èémí ló ń jẹ. Wàá fi ohùn ẹni tí ẹ jọ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà sínú ẹ̀. Ẹni tí èémí ẹ̀ bá sún mọ́ máìkì jù lọ, òun ni yóò máa jẹ, díẹ̀díẹ̀. Bí onítọ̀hún bá ti ń tán lọ, gba ohùn ẹlòmíì lé e."

"Bí mi ò bá lè ṣe é ńkọ́?"

"Ilẹ̀kùn nìyẹn. Padà lọ bá àwọn tó ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló kù fún un láyé. Ó ronú kàn án, àyà rẹ̀ já. Àfi bó ṣe rántí fóònù àpò rẹ̀. Orin kan wà nínú rẹ̀, èyí tí ìyá wọn ń kọ níbi tó ti ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, kó tó kú. Kí lẹ̀rọ fẹ́ rí jẹ lára ẹni tí kò mí mọ́? Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Ó rò pé òun ti fi ọgbọ́n gbé adáhunṣe mì.

Adáhunṣe gún un lábẹ́rẹ́ ní àtàǹpàkò. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí bọ́tìnì gígùn, bọ́tìnì fà á mu. Orin ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, adáhunṣe sì ń pọfọ̀.

"Ohùn, wọlé! Èémí, tẹ̀ lé e! Ọ̀nà, dí! Ìwọ tó sún mọ́ jù, ìwọ ni mo pè!"

Nǹkan fún Adùnlétí láyà pinpin, ó sì tú u sílẹ̀. Ó pè é ní ìbẹ̀rù.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti fi ohùn ìyá rẹ̀ sábẹ́ ìlù, èrò á ya wèrè. Wọ́n á máa sunkún, wọ́n á máa náwó. Ẹ̀rọ kò há rárá. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ilé bẹ̀rẹ̀ sí í di òkè lójú Adùnlétí. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ sísọ di iṣẹ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Kò lè sùn, kò lè jókòó, ó kàn ń rìn yí yàrá ká bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi wá wò ó lọ́sàn-án yìí.

"Jẹ́ n gbọ́ ohùn màámi," ni ó wí, ó sì fi hẹ́dífóònù sétí. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fajú ro. "Ta ló ń mí níbí?"

"Níbo?"

"Ó sún mọ́ etí mi ju màámi lọ." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ mà ni! Ìwọ lo mú fóònù dání lọ́jọ́ yẹn. Imú ẹ tó ń súfèé láti kékeré, òun nìyẹn!"

Ara Adùnlétí tutù wá sílẹ̀. Òun tó máa ń gbọ́ kíkùn yànmùyánmú lẹ́yìn ohùn akọrin, kò fara balẹ̀ gbọ́ tara rẹ̀. Ìyá wọn wà lọ́hùn-ún nídìí ọpọ́n. Fóònù wà lábẹ́ imú òun.

Gba ohùn ẹlòmíì lé e.

Máìkì dúró láàárín àwọn méjèèjì. Ó wo ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìka tí abẹ́rẹ́ ti gún léraléra nítorí òun. Ìfẹ́ wà lọ́kàn rẹ̀, ojú sì tì í, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ikú ju méjèèjì lọ. Ó rọra yí máìkì sí ẹnu obìnrin náà. Ó tẹ bọ́tìnì. Iná pupa tàn. Ó wá pa ẹnu dé, ó di imú mú, kí èémí tòun má baà wọlé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Ó kàn fẹ́ gbọ́ súfèé yẹn dáadáa ni. Ó di ojú, ó sì dá èémí dúró kí ó lè gbọ́ ọ.

Yàrá pa lọ́lọ́. Adùnlétí ń retí. Àyà rẹ̀ ń gbóná bí iná. Ẹ mí, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí! Obìnrin náà kò mí. Ọwọ́ Adùnlétí já bọ́ lára imú, ẹnu rẹ̀ sì là gbàgà.

"Hàáà!"

Èémí kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá nìyẹn. Ẹ̀rọ fà á, ó sì fa gbogbo èyí tó kù nínú rẹ̀ tẹ̀ lé e. Egungun ìhà rẹ̀ ń ṣẹ́ wọnú, kàù, kàù. Ètè rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ yọ síta, ahọ́n rẹ̀ gbẹ bí awọ. Ó ṣubú lulẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju hẹ́dífóònù nù, ó la ẹnu láti pe orúkọ rẹ̀.

Iná pupa ṣì ń tàn.

Láti ilẹ̀ tó wà, Adùnlétí rí i. Ó na ìka tó ti ń le gbagidi, ó di wáyà máìkì mú, ó fà á tu. Iná kú.

Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kígbe. Igbe náà gba gbogbo ilé, kò sì wọnú ẹ̀rọ kankan. Ó pè é, ó mì í, ó tún pè é, títí ohùn rẹ̀ fi há.

Lórí tábìlì, fáànù láptọ́ọ̀pù náà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, bẹ̀rẹ̀ sí í yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ń súfèé, bí imú ọmọdé tó sùn.